Orúkọ Ni Wọ́n Rà

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, fíìmù méjì tó ń jẹ́ orúkọ fíìmù àtijọ́ wọ gbọ̀ngàn sinimá ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Nneka the Pretty Serpent dé ní ọjọ́ 18. Ọmọ Ghetto: The Saga tẹ̀lé e ní ọjọ́ Kérésìmesì gan-an. Owó hàn lára ti àkọ́kọ́: ilé ńláńlá, mọ́tò olówó iyebíye, aṣọ tó ń dán, idán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ìjà àdúgbò ló kún inú ìkejì, èébú, àti àwọn ọmọbìnrin ìta tí wọn kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Ọmọ Ghetto ti pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 630 náírà, ó sì di fíìmù Nàìjíríà tó tíì pawó jù lọ títí di ìgbà náà. Nneka kò sún mọ́ ọn rárá.

Ẹ rántí irú ọdún tí ọdún yẹn jẹ́. Kòrónà ti àwọn gbọ̀ngàn sinimá pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní agbègbè Festac tiwa níbí, àyà ti ń já wa kí wọ́n tó sé ìlú mọ́lé pàápàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, nǹkan bú gbàmù ní Ṣọbà l'Abúlé Adó. Ó wó ilé bẹẹrẹ, ó wó ilé ìwé Bethlehem Girls College, ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, Sister Henrietta Alokha, sì kú níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ jáde. Ẹni tó ń gbé láàárín Alákijà sí Trade Fair lọ́dún yẹn kò nílò kí sinimá tún wá dẹ́rù bà á. Mo lè gbà nígbà náà pé ẹ̀rín làwọn ènìyàn ń wá kiri, pé ìyẹn wà lára ohun tó gbé Ọmọ Ghetto lékè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá dàgbà tó láti mọ kásẹ́ẹ̀tì fídíò yóò rántí Nneka àkọ́kọ́. Zeb Ejiro ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1990, Ndidi Obi ló ṣe Nneka. Obìnrin arẹwà ni, ẹ̀mí omi ló wà nínú rẹ̀, ọkọ ọlọ́kọ ló sì ń gbà. Kò sí owó nínú fíìmù ọ̀hún. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, idán inú rẹ̀ yóò pa ọmọ ìsinsìnyí lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ ó já wa láyà. Ejò kọ́ ló ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé obìnrin yẹn lè jẹ́ ẹnikẹ́ni: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ń kí bàbá ilé pẹ̀lú ẹ̀rín lọ́nà ibi iṣẹ́. Àwọn ìyá wa ń fi ojú kan wo tẹlifísàn, wọ́n ń fi ojú kejì wo ọkọ wọn. Orúkọ náà kúrò lórí kásẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ sí ẹnu àdúgbò, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Tosin Igho ló darí Nneka tuntun. Idia Aisien, tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nídìí ìfihàn aṣọ àti ètò tẹlifísàn, ló kó ipa Nneka. Wọ́n pe Ndidi Obi padà kó kópa nínú rẹ̀, ohun iyì sì ni ìyẹn. Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí: wọ́n pa ìyá àti bàbá ọmọdébìnrin kan lójú rẹ̀, ó dàgbà, ó gba agbára tí kì í ṣe ti ènìyàn, ó wá ń wá àwọn apànìyàn náà kiri láti gbẹ̀san. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe o. Nneka àtijọ́ kò ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ti tuntun ní àlàyé rẹpẹtẹ. Kí a tó dé àárín fíìmù, a ti mọ ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe, a sì ti gbà pé ohun tó ń bọ̀ tọ́ sí àwọn tó ń lé. Ẹ̀rù wo ló wá kù? Ẹni tó ń gbẹ̀san òbí rẹ̀, àánú ló ń ṣe ni. Ọkọ tó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní gbọ̀ngàn sinimá kò ní ohun kankan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti pa òbí ọlọ́mọ.

Mo wò ó dé ìparí. Àwòrán rẹ̀ dára, n kò lè purọ́. Nígbà tó parí, mo dìde, mo sì ń ronú ohun tí a máa jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀ nítorí orúkọ Idia yẹn. Ẹni tó bá ń gbé Festac, abẹ́ Idia ló ń gbé. Ojú Ìyá Ọba Idia ti Benin ni wọ́n fi ṣe àmì FESTAC '77, àjọ̀dún tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn láti fi gba àlejò. Nàìjíríà bẹ British Museum pé kí wọ́n yọ̀ǹda ère eyín erin náà fún àjọ̀dún. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọnà ní Benin, wọ́n gbẹ́ òmíràn. Àjọ̀dún ọ̀hún fúnra rẹ̀, apá kejì ni: Dakar ló gbàlejò ti àkọ́kọ́ ní 1966, tiwa ti 1977 wá fi owó epo bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, n kò bá àwòṣe jà, n kò sì bá apá kejì jà. Bí mo bá ń bá wọn jà, ó yẹ kí n ti kó kúrò ládùúgbò yìí. Ohun tí mo rí ni pé oníṣẹ́ ọnà Benin yẹn jogún iṣẹ́ náà ní ìlú tí ère àkọ́kọ́ ti jáde. Ó mọ ohun tí ojú Idia wà fún kí ó tó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ta ló ra orúkọ Nneka? Charles Okpaleke ni, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Play Network. Ọdún 2015 ló kọ́kọ́ lọ bá Kenneth Nnebue, ó gba ẹ̀tọ́ Living in Bondage lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí Yorùbá mọ Nnebue dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìgbò ni. Kó tó ṣe Living in Bondage lédè Ìgbò ní 1992, fíìmù Yorùbá ló ti ń fi owó ṣe. Òun ló gbé owó Ajé Ni Ìyá Mi kalẹ̀ ní 1989. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ló kó dé tó pọ̀ jù fún un láti tà, ló bá ní kí òun kúkú ká nǹkan sórí rẹ̀. Látinú àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ni ohun tí a wá ń pè ní Nollywood ti jáde. Ẹ wò ó bí nǹkan ńlá ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Okpaleke kò kánjú. Ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2019 kí Living in Bondage: Breaking Free tó jáde, Ramsey Nouah ló sì darí rẹ̀. Fíìmù náà yọrí. Níbi àmì ẹ̀yẹ AMVCA tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2020, òun ni wọ́n pè ní fíìmù tó dára jù lọ lápapọ̀, Ramsey Nouah sì gba ti olùdarí tó mọṣẹ́ jù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló mọ́ sí ìbúgbàmù Ṣọbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló jẹ́ kó yọrí? Ẹni tó bá rí ti àtijọ́ mọ̀ pé Andy Okeke fi Merit, ìyàwó rẹ̀, ṣe ètùtù owó, òkú obìnrin náà kò sì jẹ́ kó gbádùn owó ọ̀hún. Fíìmù náà parí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn: irú owó bẹ́ẹ̀, ṣé orí ẹni tó ṣe é ló ń parí sí, àbí ó ń wọ inú ọmọ? Ramsey Nouah àti àwọn tó bá a kọ ìtàn gbé ìbéèrè yẹn. Nnamdi, ọmọ Andy, ni wọ́n gbé síwájú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn mọ́tò olówó ńlá, tí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ṣì ń ṣọ́. Kenneth Okonkwo tó ṣe Andy ní 1992 padà wá ṣe é, ó ti di àgbàlagbà, ó ti di oníwàásù. Nígbà tí bàbá àti ọmọ dúró lójú ara wọn, ọdún 27 ló dúró láàárín wọn, àwa tí a ti wo ti àtijọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Kò sí owó tó lè ra ìyẹn. Ìbéèrè ló mú un wá.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé, lójú tèmi. Ó dà bíi pé ohun tí ilé iṣẹ́ náà kọ́ nínú ìyọrísí yẹn ni pé orúkọ àtijọ́ ń tà. Wọ́n tún gba Nneka. Wọ́n gba Rattlesnake, fíìmù Amaka Igwe, wọ́n sì tún un ṣe ní 2020. Ìyẹn ṣeé wò dáadáa, Stan Nze sì gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kan Glamour Girls.

Glamour Girls àkọ́kọ́ jáde ní 1994, Chika Onukwufor ló darí rẹ̀, Nnebue náà ló sì ni ín. Liz Benson, Eucharia Anunobi àti Gloria Anozie wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú ńlá tí wọ́n ń fi ara wọn wá owó lọ́dọ̀ ọkùnrin olówó ló dá lé lórí, ó sì ta ìyá àti bàbá lẹ́gbẹ́ jákèjádò Nàìjíríà, nítorí pé àkókò yẹn gan-an ni náírà ń jábọ́, tí ọmọ tó jáde yunifásítì kò rí iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ ọmọ ẹnì kan tó ń gbé l'Ékòó, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, tí wọn kò bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Fíìmù náà bi wọ́n léèrè. Ìdí tó fi dun ni nìyẹn.

Ti tuntun dé sórí Netflix ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Bunmi Ajakaiye ló darí rẹ̀. Ẹ̀ka aṣọ ṣiṣẹ́ wọn. Mo kí wọn. Nse Ikpe-Etim wà níbẹ̀, Sharon Ooja wà níbẹ̀, Gloria Anozie-Young ti àtijọ́ náà dé. Nígbà tó di àárín, ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká: ẹni tí a rò pé òun ni a ń tẹ̀ lé, a ò rí i mọ́, ohun tí wọ́n ń lé kiri, ẹni tó ń wò ó kò mọ ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ń kọ nípa fíìmù ti gbé e sórí iná, àwọn òǹwòran náà kò ṣàánú. Kò sí ẹni tó sọ pé owó kò tó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìtàn kò sí. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni a ń wá nínú àwọn fíìmù àtijọ́: ìdààmú tí ẹni tó ṣe wọ́n ti rí, ọjà tí ó ti tà, àdúgbò tí ó ti gbé. Aṣọ tuntun ni wọ́n gbé wá fún wa.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ló ń ṣe irú èyí. Amẹ́ríkà tó lówó jù wá lọ ti kó sí kòtò kan náà, wọ́n sì fi dọ́là kó sí i.

Ilé iṣẹ́ MGM ṣe The Wizard of Oz ní 1939, láti inú ìwé tí L. Frank Baum kọ ní 1900. Judy Garland ló ṣe Dorothy, ọmọbìnrin Kansas tí ìjì gbé tilé tilé lọ sí ìlú àjèjì. Ẹ jẹ́ ká wo ibì kan péré níbẹ̀. Ilé ti balẹ̀. Inú yàrá ṣì jẹ́ àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti fọ́tò àtijọ́. Ọmọbìnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, àwọ̀ gbogbo sì ya wọlé láti ìta, ewé, òdòdó, omi. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Wọ́n fi ọ̀dà kun yàrá yẹn ní àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú ọ̀hún, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ kan náà fún obìnrin mìíràn tó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀yìn sí wa. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Judy Garland tòótọ́ sì bọ́ síta nínú aṣọ búlúù rẹ̀. Ọ̀dà àti làákàyè ni. Margaret Hamilton tó ṣe àjẹ́ burúkú jóná lójú àti lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà, nítorí pé bàbà wà nínú ọ̀dà àwọ̀ ewé tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni wọ́n ná, wọn kò sì jèrè nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Tẹlifísàn ló sọ ọ́ di ààyò gbogbo ilé, láti 1956 tí CBS ti gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Disney gbé Oz the Great and Powerful jáde, ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ kí Dorothy tó dé. Sam Raimi tó ti ṣe Spider-Man ló darí rẹ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 dọ́là ni wọ́n ná. James Franco ṣe Oscar Diggs, onídán inú sákọ́ọ̀sì tó ń tan ènìyàn jẹ, tí ìjì gbé bálúùnù rẹ̀ dé Oz. Mila Kunis, Rachel Weisz àti Michelle Williams ni àwọn àjẹ́ mẹ́ta.

Ohun àkọ́kọ́ tó dí fíìmù yìí lọ́wọ́ ni ti òfin. Ìwé Baum ti di ti gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú fíìmù 1939, bíi bàtà pupa Dorothy, kò sí nínú ìwé. Fàdákà ni bàtà ọ̀hún nínú ìwé. MGM ló dá ti pupa, Warner Bros. ló sì ni ín báyìí. Disney kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọ̀ ewé tó wà lójú àjẹ́ pàápàá, wọ́n ní láti po òmíràn kí ẹjọ́ má bàa dé. Ẹ rò ó wò: ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tó ṣáájú fíìmù tí kò ní ẹ̀tọ́ láti dárúkọ ohun tí wọ́n fi ń rántí fíìmù náà.

Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó burú jù ni ti aṣọ ìkélé. Nínú fíìmù àtijọ́, gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù Oz alágbára. Wọ́n rìn títí, wọ́n fi ẹ̀mí wọn wéwu, wọ́n dé iwájú rẹ̀, iná ń sọ, ohùn ń bú. Ajá kékeré Dorothy fa aṣọ ìkélé: bàbá arúgbó kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń yí ẹ̀rọ. Gbogbo ìtàn náà dúró lé ọwọ́ tí kò hàn yẹn. Kí ni fíìmù 2013 ṣe? Ó mú ọkùnrin ẹ̀yìn aṣọ ìkélé jáde láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó ní kí a tẹ̀ lé e fún wákàtí méjì ó lé. A mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹlẹ́tàn ni. A mọ ibi tó máa parí sí. Àwọn àjẹ́ tó jẹ́ alágbára, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni wọ́n wá ń jà lé. Theodora di àjẹ́ burúkú nítorí pé ó rò pé ọkùnrin náà já òun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní èso ápù aláwọ̀ ewé, ó gé e jẹ, ó yí padà. Ẹni tó dẹ́rù ba ọmọ aráyé fún ọdún 70 ó lé, olólùfẹ́ tí wọ́n já sílẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ wò ó bi mí léèrè nígbà tí fíìmù ti lọ jìnnà pé, "Ańkù, ìgbà wo ni Dorothy máa dé?" Mo ní kò ní í dé. Ó ní, "Háà." Ó sì dákẹ́, kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ yìn. Wọ́n dé ìlú kan tí gbogbo ilé àti ènìyàn rẹ̀ jẹ́ tánganran. Ogun ti fọ́ ọ. Ọmọdébìnrin tánganran kékeré kan ló ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kán. Onídán ẹlẹ́tàn yìí mú góòmù jáde nínú àpò rẹ̀, ó lẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ ọn, ọmọ náà dìde, ó ń dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí idán ńlá níbẹ̀, kò sí ogun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń tòògbé dìde jókòó. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé ọmọ tánganran yẹn ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Fíìmù náà pa tó mílíọ̀nù 490 dọ́là káàkiri ayé, a ò lè sọ pé ó lọ sóko gbèsè. Àmọ́ apá kejì tí Disney ń gbèrò kò jáde títí di òní.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí fún mi pé irú ìtàn báyìí kò ṣeé ṣe dáadáa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Wicked jáde. Ìtàn ohun tó ṣáájú Dorothy ni òun náà, láti inú ìwé Gregory Maguire ti 1995 tí wọ́n ti sọ di eré orí ìtàgé ní 2003. Cynthia Erivo, ọmọ tí àwọn òbí tó wá láti Nàìjíríà bí ní London, ló ṣe àjẹ́ aláwọ̀ ewé. Fíìmù náà pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 700 dọ́là, ó gba Oscar méjì, ọ̀kan nínú rẹ̀ fún aṣọ tí Paul Tazewell ṣe, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Àjẹ́ kan náà ni, ilẹ̀ kan náà, àlàyé náà sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé ìbéèrè ló gbé wá: ta ló sọ fún wa pé ènìyàn burúkú ni obìnrin yìí, kí sì ni ẹni tó sọ ọ́ máa jèrè? Ẹni tó bá wo Wicked tán, tó padà lọ wo ti 1939, ojú tó máa fi wo omi tí Dorothy dà sí àjẹ́ yẹn lára kò ní jẹ́ ọ̀kan náà mọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, Kúnlé Afọláyan gbìyànjú irú rẹ̀. Aníkúlápó ti 2022 dùn, a kò lè jiyàn, Sàró, ọkùnrin inú rẹ̀ tó ń jí òkú dìde, sì kú níparí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ó gbé Rise of the Spectre jáde ní apá mẹ́fà. Ìbéèrè rẹ̀ dára, ó dára gan-an: àwọn òkú tí Sàró ti jí dìde, ta ló máa dá wọn padà? Ìbéèrè Yorùbá pọ́nńbélé ni. Lójú tèmi, ìtàn ìdílé àti ìlú tí wọ́n tò yí i ká pọ̀ jù, ó sì ń sọnù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, mo sì wò ó tán nítorí rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo owó tó bá ṣòfò nídìí fíìmù, ìtàn tó kùnà ló fà á. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sala wa, kó owó wọn lé Ọ̀run Móoru ní 1982, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin tí gbájúẹ̀ lù ní jìbìtì títí tó fi bá ara rẹ̀ níbi tí alààyè kì í dé ni. Àwọn olè da fíìmù náà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á, ẹni tó ni ín sì jókòó ti gbèsè. Gbèsè yẹn lé wọn pẹ́. Wọ́n kú ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, kò sì sí ẹni tó sọ pé fíìmù wọn kò dùn. Owó ni wọ́n jí. Wọn kò rí ìtàn jí.

Ní báyìí tí àwọn tó lówó ti rí i pé orúkọ àtijọ́ ṣì ń gbé ènìyàn dìde lórí àga, ó dá mi lójú pé wọ́n máa kan tiwa. Aiyé ti Ògúndé wà níbẹ̀, Jáíyésinmi wà níbẹ̀, Ìjà Òmìnira wà níbẹ̀, Ọ̀run Móoru wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ àti ìdílé tí ẹ̀tọ́ wọn wà lọ́wọ́ yín, bí ẹnì kan bá gbé àpò owó wá, tó ní òun fẹ́ ṣe tuntun tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní àga kó jókòó. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ bi ìtàn náà tí àwọn bàbá yín kò tíì dáhùn. Bí ohun tó bá ń sọ kò ju iye owó àti orúkọ àwọn gbajúmọ̀ òṣèré tó ti bá sọ̀rọ̀ lọ, ẹ má tà á fún un.